Tíì abẹ́ ìbòòji: ti ìkórè àkọ́kọ́ àbí ti ìgbà ooru, èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ máa rí agolo matcha méjì (matcha ni ewé tíì tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun), Japan ni méjèèjì ti wá, wọ́n kọ ọ́ sára méjèèjì pé abẹ́ ìbòòji ni wọ́n ti gbìn ín, síbẹ̀ owó ọ̀kan fi ìlọ́po ju ti èkejì lọ. Ẹni tó ń tà á á ní orúkọ ìlú ló fà á, pé Uji lèyí, ibòmíì nìyẹn. Orúkọ ìlú wà ńbẹ̀ lóòótọ́ o, àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tí wọ́n já ewé yẹn, ṣé April sí May ni àbí June, July lọ sókè tí ooru ti mú gan-an, torí aṣọ dúdú tí wọ́n ń ta bo igi tíì, oòrùn ló ń dí, kò lè lé ooru lọ.

Ohun tí ìbòòji ń ṣe

Gbòǹgbò igi tíì ló ń ṣe theanine, òun ló ń jẹ́ kí tíì dùn kó sì ki lẹ́nu. Tó bá gòkè dénú ewé, tí oòrùn sì ń pa ewé yẹn, ó máa di catechin, ìyẹn ló ń korò tó sì ń há èèyàn lẹ́nu bí ìgbà téèyàn jẹ obì. Tí wọ́n bá wá ta aṣọ bò ó, theanine á ṣẹ́ kù sínú ewé, ewé náà á sì tutù yọ̀yọ̀. Oríṣiríṣi tíì ló wà: gyokuro (ewé ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ sómi) àti tencha (òun ni wọ́n ń lọ̀ di matcha) máa ń lò tó ọjọ́ 20 lábẹ́ aṣọ, ìgbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Kabusecha, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì péré. Sencha lásán, inú oòrùn ló ń wà.

Ìkórè àkọ́kọ́ àti ti ìgbà ooru

Ti àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní ichibancha, igi ti sinmi látìgbà òtútù, ó ti kó oúnjẹ pamọ́ sí gbòǹgbò, òru ṣì ń tutù, ewé ń yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ti ìkejì, nibancha, igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ná èyí tó kó pamọ́ tán ni, ooru sì ń lé ewé tuntun jáde wéréwéré, theanine ò pọ̀ níbẹ̀ mọ́, catechin ló pọ̀. Àwọn kan ń sọ pé tí wọ́n bá ṣáà ti bò ó dáadáa, ọgbọọgba ni. Rárá o.

Igi tí wọ́n bò náà ń jìyà, torí ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ṣe oúnjẹ. Tí wọ́n bá tẹ́ aṣọ lé igi lórí gbalaja, èyí tí wọ́n ń pè ní jikagise, aṣọ dúdú yẹn á gbóná, á máa ha ewé, orí ewé tó bá fara kàn án lè jó. Èyí tí wọ́n ń pè ní tana dára ju ìyẹn lọ, òpó ni wọ́n rì, aṣọ á wà lókè, atẹ́gùn á ráyè kọjá. Èyí tó lọ́lá jù ni honzu àtijọ́, esùsú àti koríko ìrẹsì ni wọ́n fi ń bò ó, kì í jẹ́ kí abẹ́ ẹ̀ gbóná jù, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó kù tó ń ṣe é ò tó nǹkan mọ́. Ní Uji, oko tí wọ́n ti ń fọwọ́ já tencha, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń já a, wọ́n á wá gé igi náà wálẹ̀ kó lè sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún! Ẹ ò wá rí ìdí tówó ẹ̀ fi ga.

Kagoshima ní gúúsù Japan yàtọ̀. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀rọ ni wọ́n ń gùn já ewé, wọ́n sì lè kórè ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Lọ́dún 2024 ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ Shizuoka, agbègbè míì tó ń gbin tíì, nínú iye tíì tí wọ́n ń ṣe ní Japan. Ẹ má fojú di í o, Saemidori (irú igi tíì kan) ìkórè àkọ́kọ́ láti Kagoshima lè dùn ju matcha ìgbà ooru tó ń fi orúkọ Uji yangàn.

Ooru 2023, 2024 àti 2025 ní Japan kọjá bẹ́ẹ̀, igi tí ooru bá sì bá jà ní August, ìrúwé ọdún tó ń bọ̀ ló máa san gbèsè ẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ayé tún wá ń du matcha, Ippodo àti Marukyu Koyamaen, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta tíì ní Japan, fi gbèdéke sí iye agolo tí ẹnì kan lè rà nígbà tí 2024 ń parí lọ.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá rà?

Tó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan lẹ fẹ́ fi pò ó, láìsí ṣúgà, láìsí mílíìkì, ẹ ra ìkórè àkọ́kọ́, kódà kó jẹ́ agolo kékeré. Tó bá jẹ́ mílíìkì, yìnyín àti kéèkì, ti ìgbà ooru ti tó, kíkorò ẹ̀ gan-an ni ò ní jẹ́ kí mílíìkì bò ó mọ́lẹ̀, owó ìkórè àkọ́kọ́ lórí ìyẹn, ìfowóṣòfò ni jàre.

Ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ "ceremonial" tí wọ́n ń kọ sára agolo, kò sí òfin kankan lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń kọ ọ́. Ẹ bèèrè oṣù tí wọ́n já a àti irú igi tó jẹ́, ẹni tó mọ ọjà ẹ̀ á dáhùn. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ náà, tó bá ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dípò kó tutù, ó lè jẹ́ ti ìgbà ooru tàbí kó ti pẹ́ nílẹ̀.

Kabusecha ìgbà ooru ní ọgbọ́n tiẹ̀: ẹ rẹ ẹ́ sómi tútù, ẹ gbé e sí fíríìjì mọ́jú. Omi tútù kì í fa catechin jáde tó omi gbígbóná, á wá rọlẹ̀ lẹ́nu. Gyokuro ní tiẹ̀, omi ìwọ̀n 50 sí 60 lórí Celsius ni, ẹ má da omi híhó lé e, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ mu ún lálẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn torí caffeine inú ẹ̀ pọ̀.

Tó bá jẹ́ èmi, tí mi ò bá lówó gyokuro, kabusecha ìkórè àkọ́kọ́ ni màá rà.