ELM327 oní-Bluetooth: ẹ rà á torí kíkà, ẹ má rà á torí pípa iná

Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí èèyàn lè fi scan ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn kó fi fóònù ka kóòdù àṣìṣe tí ọkọ̀ ń sọ, ELM327 ló pọ̀ jù lọ́jà. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, owó rẹ̀ kò ga, ó sì yẹ kó wà nínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ń wa tòkunbọ̀. Àmọ́ bọ́tìnì tí ọ̀pọ̀ ń tìtorí rẹ̀ rà á, ìyẹn èyí tó ń pa iná check engine, ni àǹfààní rẹ̀ kéré jù.

Elm Electronics ti Kánádà ló ṣe ojúlówó. Àfarawé ló kún ọjà. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà version tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Elm kò fìgbà kan ṣe 1.5, síbẹ̀ àfarawé tí wọ́n kọ 1.5 sí sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí wọ́n kọ 2.1 sí lọ. Èdè tí ọkọ̀ yín ń sọ ló ṣe kókó. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2008 ń sọ CAN, àfarawé tí kò dáa pàápàá sì sábà máa ń gbọ́ ọ. Camry “Big Daddy” 2002 tàbí Corolla 2003 ń sọ ISO 9141-2, ibẹ̀ sì ni ayédèrú ti máa ń yadi. Ẹ dán an wò lára ọkọ̀ yín gan-an kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń lo iPhone, èyí tó ní Wi-Fi tàbí Bluetooth LE ni kó béèrè.

Ihò OBD tí ẹ̀rọ yìí ń wọ̀ nínú ọkọ̀ wà lábẹ́ sítíárì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀, ó ní ojú 16. Ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ so ó mọ́ fóònù (PIN rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1234 tàbí 0000), kí ẹ wá ṣí app Torque tàbí Car Scanner. Bí iná ara ẹ̀rọ náà kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí iná má dé ojú ihò kẹrìndínlógún. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ wo fíúsì 7.5A tí wọ́n kọ OBD sí. Bí iná bá tàn tí kò sì rí brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀), ẹ fura sí ẹ̀rọ yín.

Ibi tó ti wúlò jù rèé. Ẹ jẹ́ ká mú kóòdù P0171, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní kẹ́ ẹ lọ ra oxygen sensor. Ẹlẹ́rìí lásán ni sensor yẹn, òun kọ́ ni olè. Ẹ ṣí Long Term Fuel Trim, ìyẹn ìwọ̀n epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń dín kù, lójú fóònù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Bí ó bá jẹ́ +18% nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, tó sì bọ́ sí +4% nígbà tẹ́ ẹ tẹ iná dé 2,500 RPM, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé: ẹ yẹ àwọn ọ̀pá vacuum wò, kí ẹ tẹ rọ́bà ńlá tó ti ọ̀dọ̀ air filter wá, torí inú ìṣẹ́po rẹ̀ ló ti máa ń sán, a kì í rí i àfi tí a bá fà á gùn. Bí ó bá ń ga sí i ní 2,500, ó lè jẹ́ pé MAF, ìyẹn sensor tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, dọ̀tí tàbí kí pọ́ǹpù epo ti rẹ̀. MAF cleaner nìkan ni kẹ́ ẹ fín sí i, ẹ má fọwọ́ kan wáyà inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Kóòdù P0301 jẹ́ ibi kan tí bọ́tìnì ìparẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ gidi. Ó ń sọ pé sílíńdà kìíní, lápá bẹ́líìtì, kò jó dáadáa. Nínú Corolla 1.8, ẹ fi sípánà 10 tú kọ́ìlì rẹ̀, ẹ gbé e sí sílíńdà kẹta, kí ẹ gbé ti kẹta wá síbí. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ náà. Bó bá padà wá ní P0303, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bó bá dúró ní P0301, ẹ wo plọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà injector. Bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, ẹ má wà á lọ: epo tí kò jó ń lọ sínú catalytic converter, ó sì ń sun ún.

Ní ti ìparẹ́ lásán, freeze frame, ìyẹn àkọsílẹ̀ ipò tí ẹ́ńjìnnì wà nígbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀, á bá a lọ, tí mẹkáníìkì kò fi ní rí nǹkan di mú. Readiness monitor, ìyẹn àyẹ̀wò tí brain box ń ṣe fúnra rẹ̀, náà á padà sí òdo. Ẹ rántí èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀: dáṣíbọ́ọ̀dù lè mọ́ kedere, ṣùgbọ́n bí gbogbo monitor bá ń sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí wọ́n tú bátìrì. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Pẹ̀lú app lásán, kì í sábà rí kóòdù ABS àti airbag. Iná pupa ti òróró ẹ́ńjìnnì kò nílò ẹ̀rọ kankan: ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Iná “Maint Reqd” ti Toyota kì í ṣe àìsàn, kò ní kóòdù. Ẹ gbé odometer sí ODO tàbí Trip A gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ náà ṣe rí, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì odometer mọ́lẹ̀, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ má tú ọwọ́ títí òdo á fi yọ.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ yọ ọ́. Ihò yẹn ń gba iná tààrà láti ara bátìrì kódà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní OFF, ọ̀pọ̀ àfarawé kì í sì í sùn. Tí ọkọ̀ bá dúró fún ọjọ́ mélòó kan, bátìrì tí kò lágbára mọ́ lè má sítáàtì.