Òkè wo la lè kó àwọn ọmọ lọ gùn lọ́lidé? Àgbéyẹ̀wò Adó-Àwáyè, Ìgbẹ́tì, Olúmọ àti Ìdànrè fún ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ọlidé iléèwé bá ti ń kàn, ìbéèrè kan náà làwọn òbí máa ń bèèrè: òkè wo ló rọrùn láti gùn? Ìbéèrè náà kò burú, ìdajì rẹ̀ ni wọn kò bèèrè. Òkè tó rọrùn láti gùn pọ̀ lọ jàra. Ọmọ ọdún márùn-ún á fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá gun àpáta bí aláǹgbá, ẹ̀rù kò ní í bà á, torí òkè ló ń wò. Ìgbà tó bá yíjú padà, tó rí bí ilẹ̀ ṣe jìn tó, ni ẹkún ń sọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ la fi díwọ̀n àwọn òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Ṣé ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tẹ́ ò pọ̀n lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, láìsí pé ẹnì kan gbé e? Bí kò bá lè ṣe é, ẹ yan òkè mìíràn, tàbí kí ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Adó-Àwáyè la máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Òun ló sún mọ́ wa, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Láti Ọ̀yọ́ dé Ìsẹ́yìn jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 40, láti Ìsẹ́yìn dé Adó-Àwáyè sì tó nǹkan bí 20. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní láti yí gba ìlú Ọ̀yọ́ kọjá, ọ̀nà tó lọ tààrà sí Ìsẹ́yìn lé díẹ̀ ní kìlómítà 70. Aago méje àárọ̀ ló yẹ kí ẹ ti wà nísàlẹ̀ òkè. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ lè jí lọ, kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, kó sùn sí Ìsẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọ tí wọ́n jí ní aago mẹ́ta òru, ojú oorun ló máa fi gun òkè, ẹsẹ̀ ẹni tó ń tòògbé kì í sì í mọ ibi tó ń tẹ̀.

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tó lé ní 300 ló máa gbé yín kúrò nísàlẹ̀. Àwọn òbí máa ń rí i, wọ́n á ní ọpẹ́ o, wàhálà ti tán. Fún ìgòkè, òótọ́ ni. Àmọ́ àtẹ̀gùn orí òkè kì í dọ́gba bíi ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ọ̀kan á ga, èyí tó tẹ̀ lé e á kúrú, òmíràn á ti bù létí. Àgbàlagbà á fi ẹsẹ̀ kan bọ́ sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọmọ kékeré ní tiẹ̀ ń fò sílẹ̀ ni ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, itan rẹ̀ ló sì ń gba gbogbo ìwúwo náà. Tó bá fi máa di àtẹ̀gùn ọgọ́rùn-ún, itan á ti máa gbọ̀n. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣubú, kì í ṣe ibi tó ga jù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa ka àtẹ̀gùn sókè ketekete, kí ẹ sì sinmi ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn àádọ́ta kọ̀ọ̀kan, nígbà ìgòkè àti nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ní ó ti rẹ òun. Nígbà ìgòkè, àgbàlagbà wà lẹ́yìn ọmọ. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, àgbàlagbà ló ń ṣíwájú, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn kí ojú rẹ̀ lè wà lára ọmọ. Àgbàlagbà kan fún ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún méje, ọ̀kan fún ọmọ méjì tó ti wà láàárín méje sí méjìlá.

Tẹ́ ẹ bá ti dé òkè, ibi tó tẹ́jú wà níbẹ̀ tí ọmọ ti lè jókòó kó jẹun, adágún Ìyákẹ́ náà sì yẹ ní wíwò: omi tó dúró sórí àpáta, kò sọ̀, kò sàn. Wíwò nìkan o. Ẹnikẹ́ni kì í wọ inú rẹ̀, kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́, kí ẹ sì sọ fáwọn ọmọ nísàlẹ̀ òkè, kí ẹnikẹ́ni má baà dé etí omi kó máa bọ́ ṣòkòtò. Ihò tí wọ́n ń pè ní Agbómọfúnyàkẹ́ náà wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì tó ìkìlọ̀ fún òbí tó bá gbọ́ Yorùbá. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú gírígírí kí ẹ tó sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ máà sún mọ́ ọn rárá. Òkúta Ìṣàgè, èyí tó dúró bíi pé atẹ́gùn lásán lè taari rẹ̀, ẹ dúró lókèèrè ya fọ́tò rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run ni a kò ní gbà fún ọmọ tó kéré sí ọdún méjìlá. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀gbun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn gáìdì fẹ́ràn láti mú àlejò débẹ̀, torí ibẹ̀ ni fọ́tò ti máa ń dùn. Ẹ sọ fún gáìdì nísàlẹ̀, kí ẹ tó sanwó, pé ẹ kò dé ibẹ̀. Tó bá ń rọ̀ yín, tó ní kò sóhun tó máa ṣe ọmọ, ẹ wá gáìdì mìíràn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àpáta fúnra rẹ̀. Òkúta akọ ni púpọ̀ nínú àwọn òkè ńlá agbègbè yìí, ara rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki bíi bébà tí káfíńtà fi ń ha igi, ìyẹn ló ń mú bàtà dúró. Ohun tó ń mú ọmọ yọ̀ lórí rẹ̀ ni ìbẹ̀rù. Tí ẹ̀rù bá ti bà á, á tẹ̀ mọ́ àpáta, á fi àyà àti ọwọ́ dì í mú. Bó bá ṣe tẹ̀ mọ́ ọn báyẹn, ìwúwo rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀, bàtà ò tẹ òkúta dáadáa mọ́, ló bá ń yọ̀ bọ̀. Ẹ kọ́ ọ kó nàró, kó tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó máa gbé ìṣísẹ̀ kékeré. Tí wọ́n bá ń sọ̀, kí eékún tẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi gìgísẹ̀ nìkan tẹ̀. Ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́ jù, kí wọ́n máa rìn ní ìbú, lọ sọ́tùn-ún, bọ̀ sósì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń sọ̀ ọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dánra wò nísàlẹ̀, níbi tí àpáta kò ti ga ju orí àgbàlagbà lọ.

Ohun méjì wà tójú gbọ́dọ̀ mọ̀ lára àpáta. Àkọ́kọ́ ni ìlà dúdú tó gùn wálẹ̀ lára òkúta bí ẹni da yíǹkì sí i. Ipa omi òjò ni, ohun tó hù síbẹ̀ ló sọ ọ́ di dúdú. Tó bá gbẹ, kò ní wàhálà. Tó bá tutù, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, kódà tí ibi tó yí i ká bá ti gbẹ pátá. Ìkejì ni òkúta tó ń bó. Oòrùn àti òtútù máa ń bó ojú òkúta akọ bí èèpo àlùbọ́sà, ìpele lórí ìpele. Ẹ fi òkúta kékeré kàn án: tó bá dún gan-an, ó dì mọ́ra, tó bá dún bíi pé abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ ẹ́, kó má sì fi ọwọ́ fà á.

Àsìkò wá ńkọ́? Ìparí oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní la fara mọ́ jù. Ọyẹ́ lè bo ojú sánmà débi pé ẹ kò ní rí ọ̀nà jíjìn, ètè á sì gbẹ, àmọ́ àpáta gbẹ, ìyẹn ló ṣe pàtàkì. Ọjọ́ Kérésìmesì, ọjọ́ kejì rẹ̀ àti ọjọ́ Ọdún Tuntun nìkan ni kí ẹ yẹra fún, nítorí èrò tó ń gòkè àti èrò tó ń sọ̀ máa ń fún ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Ọlidé gígùn ti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án bọ́ sí àsìkò òjò. Tí òjò bá ti dá fún ọjọ́ méjì gbáko lóṣù Kẹjọ, ẹ lè lọ. Oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún ni ààrá ń ṣe bó ṣe wù ú lọ́wọ́ ọ̀sán, orí òkè tí kò sí igi kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ń sá pamọ́ sí. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ààrá àkọ́kọ́, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ yáa máa sọ̀. Àsìkò yòówù kó jẹ́, aago mọ́kànlá kò gbọ́dọ̀ bá yín lókè. Láti ọ̀sán gangan, àpáta máa ń gbóná débi pé ọmọ ò lè fi ìdí lélẹ̀ sinmi mọ́.

Ní ti bàtà, kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀ ló dára jù. Ẹ fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀: tó bá jìn díẹ̀, ó máa di òkúta mú, tó bá le bí ike, ó máa yọ̀. Sílípáàsì kò ṣeé bá sọ̀rọ̀, bàtà iléèwé tuntun náà kò sì sàn jù ú lọ. Omi: lítà kan àtààbọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ̀-wọ́tà mẹ́ta, àti lítà méjì fún àgbàlagbà. Ẹ dà á sínú ike kí ẹ tó gòkè, torí ọ̀rá máa ń bẹ́ nínú báàgì. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti búrẹ́dì dára. Wàrà Ìsẹ́yìn dùn, ẹ jẹ ẹ́ tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán, torí oòrùn á ti bà á jẹ́ nínú báàgì. Ọmọ tó ṣì wà lẹ́yìn, ẹ fi ọ̀já àti gbàjá dè é sẹ́yìn, ẹ má gbé e síwájú, kí ẹ lè máa rí ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó pọn ọmọ kò gbọdọ̀ gbé báàgì. Lọ́fínńdà kò wúlò lókè, oyin ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ láwọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ òkúta sínú ihò àpáta. Bí oyin bá tú, ẹ bo ojú ọmọ, kí ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, ẹ má dúró máa fọwọ́ gbá a.

Àwọn kan ń fẹ́ ìgunkè olókùn gidi fáwọn ọmọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi okùn ọjà dánwò. Okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù sórí ọkọ̀ kò ní fífà nínú. Tí ọmọ bá jábọ́, gbogbo gbígbọ̀n náà máa lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìfarakanra pẹ̀lú òkúta sì lè yọ́ okùn ọ̀hún. Okùn ìgunkè máa ń nípọn tó mìlímítà mẹ́wàá, ó sì máa ń fà díẹ̀. Tí awọ rẹ̀ bá ti bó tí funfun inú ti hàn, ẹ máa lọ sílé. Akoto gbọ́dọ̀ wà lórí ọmọ, kí wọ́n kọ EN 12492 sára rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún akoto ìgunkè. Bẹ́líìtì ìbàdí nìkan kò tó fún ọmọ kékeré, torí ìbàdí rẹ̀ kò tíì yọ, ó lè dorí kodò kó sì yọ́ jáde. Èyí tó gba èjìká, ìbàdí àti itan ni kí ẹ bèèrè. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ọmọ tó fúyẹ́ jù lè há sókè, kí ìwúwo rẹ̀ má tó láti fa okùn wálẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti ní ètò fún un. Ẹ bi í kí ọmọ tó gòkè, kí ẹ sì wo bó ṣe dáhùn.

Àwọn òkè yòókù kò ní gba àkókò púpọ̀. Òkè Àgbélé àti Òkè Ìyámọ̀pó ní Ìgbẹ́tì, ní àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́wà ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n òkúta gbọrọgbọrọ ni wọ́n, ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, tó ti sọ̀ dáadáa ní Adó-Àwáyè, ni ká mú lọ. Àwọn kékeré lè ṣeré nísàlẹ̀ rẹ̀.

Olúmọ ní Abẹ́òkúta ló dára jù fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Mítà 137 tí wọ́n ń kà fún un, láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Èyí tí ẹsẹ̀ máa gùn gan-an kéré sí i púpọ̀. Àtẹ̀gùn wà, ẹ̀rọ agbénigòkè náà wà, ṣùgbọ́n ẹ múra bíi pé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn. Ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn jù níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà tẹrí ba.

Ìdànrè kì í ṣe ìrìn àjò ọjọ́ kan láti ọ̀dọ̀ wa. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ ní 1923 sì wà lókè pẹ̀lú ààfin rẹ̀. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ìyẹn ló jẹ́ ká fún un ní máàkì ju Adó-Àwáyè lọ nídìí ìsọ̀kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ sùn síbẹ̀ fún òru méjì: ọ̀kan kí ẹ tó gòkè, ọ̀kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè. Tí ọmọ bá sì dé ibi ìsinmi kẹta tó ní ó tó, ẹ gbà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ yíjú padà, torí ìsọ̀kalẹ̀ ibi ìsinmi mẹ́ta ṣì wà níwájú rẹ̀.