Orin Inú Fídíò Àdáṣe: Ká Tọrọ Àṣẹ ni, àbí Ká Lo Ti Creative Commons?
Títọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni orin máa ń gba àkókò àti owó, nítorí pé ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kan ṣoṣo, ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ àti ti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀; bí ọ̀kan bá gbà tí èkejì kọ̀, òfo ni. Orin Creative Commons, ìyẹn orin tí ẹni tó ni ín ti fún gbogbo èèyàn láṣẹ ṣáájú láti lò lábẹ́ àwọn ìlànà kan, kì í gba owó, àmọ́ ẹ ka àmì ìlànà rẹ̀ dáadáa: BY ní kí ẹ dárúkọ olórin, NC kò fàyè gba òwò, ND kò sì gbà kí ẹ fi orin náà bá àwòrán rìn rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bó bá jẹ́ orin kan pàtó ló gbé fídíò yín ró, ẹ kọ̀wé, kẹ́ ẹ sì gba èsì lákọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ orin abẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ni, ti Creative Commons tó.