Methotrexate fún làkúrègbé: oògùn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí rẹ̀

Inú ló bí mi tí mo fi ń kọ èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oògùn náà kí n tó dórí àwọn tó tà á fún mi. Methotrexate kì í tètè ṣiṣẹ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń pa á tì kó tó dìgbà yẹn. Èmi ní sùúrù. Ìka ọwọ́ mi tó máa ń le gbagidi láàárọ̀ ti ń ká báyìí, mo ń de bọ́tìnnì aṣọ mi fúnra mi, mo sì ń ṣí ìdérí ìgò láìpe ẹnikẹ́ni. Bí mo bá lò ó, èébì máa ń gbé mi lọ́jọ́ kejì, irun mi náà sì ti fẹ́lẹ́ díẹ̀. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la máa ń lò ó fún làkúrègbé. Oògùn jẹjẹrẹ ni látilẹ̀, ìwọ̀n tó pọ̀ gan-an ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀; ọdún 1988 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún làkúrègbé, ní ìwọ̀n kékeré. Ẹni tó bá ń gbé ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan mì lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ á bó, mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ ò ní lè ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́, àrùn tí ara ì bá ti lé lọ á sì dá a dùbúlẹ̀. Àwọn kan ti kú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Yúróòpù fi pàṣẹ lọ́dún 2019 pé kí ìkìlọ̀ tó hàn kedere wà lára páálí rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí. Miligíráàmù 15 lọ́sẹ̀ ni dókítà kọ fún mi, ìyẹn hóró 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.5. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lò ó. Mo lọ gba tuntun nílé oògùn tí mo ti ń gbà á tipẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà kó o sínú àpò bébà, ó fi píìnì dè é, ó nà án sí mi. Èmi kì í kúrò níbẹ̀ láì tú àpò wò. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà funfun tó wà lára páálí náà ni: "Hóró 6 lójoojúmọ́."

Àyà mi já. Mo ní, "Ọmọ mi, wo ibí yìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń lo oògùn yìí."

Kò wo páálí. Kọ̀ǹpútà ló wò. "Mà, ohun tó wà níbí nìyẹn."

"Lọ wo ìwé tí dókítà kọ."

"Ó ti wà nínú fáìlì, Mà. Àwọn èèyàn ń dúró lẹ́yìn yín. Ẹ ṣáà mọ bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí ara mi máa gbọ̀n. Èmi mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ fún lónìí ńkọ́? Ìyá àgbà tó jẹ́ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ka ara páálí ńkọ́? Mo ní mi ò ní kúrò nídìí káńtà láìrí ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá wà nípàdé. Mo ní màá dúró. Ẹni tó tò sẹ́yìn mi ń pòṣé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, àmọ́ mi ò yẹ̀.

Ìgbà tí obìnrin apoògùn náà jáde wá ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó gba páálí lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ mú ìwé dókítà wá lójú ẹsẹ̀. Kò ṣe àwáwí kankan. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kà á, Mà. Ẹ̀bi wa ni, ẹ má bínú." Ó fún mi ní àga, ó wá ń bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí nídìí káńtà yẹn. Ọjọ́ wo lẹ ń lò ó? Ṣé ẹ ń lo folic acid pẹ̀lú rẹ̀? Ìgbà wo lẹ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, tó fi mọ́ ti ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín? Ṣé egbò wà lẹ́nu yín? Ṣé ikọ́ gbígbẹ ń ṣe yín, àbí èémí yín ń kúrú? Ó ní bí mo bá rí méjì tó gbẹ̀yìn yìí, oògùn náà lè ti máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kí n tètè wá dókítà lọ.

Ó tún yọ oògùn kejì jáde nínú àpò náà. Dókítà mìíràn ló kọ ọ́ fún mi nítorí ìtọ̀ tó ń ta mí: co-trimoxazole, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Septrin.

"Mà, ṣé dókítà yìí mọ̀ pé ẹ ń lo methotrexate?"

Dókítà náà ò bi mí. Apoògùn yìí ṣàlàyé pé oògùn méjèèjì ló ń dí folate lọ́nà, ìyẹn fítámì tí folic acid ń fún ara, bẹ́ẹ̀ sì rèé, folate ni mùdùnmúdùn egungun fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí èèyàn bá lò wọ́n pọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí ẹ̀mí rẹ̀ á fi wà nínú ewu. Níwájú mi ló ti pe dókítà náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ kò gbà kí wọ́n ní kóun pe padà lọ́la. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ oògùn náà.

Bínú mi ṣe rọ̀ nìyẹn. Ó tẹ bébà tuntun: "Hóró 6, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ỌJỌ́ ÌṢẸ́GUN NÌKAN." Ó ní kí n kà á fún òun. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ńlá kan, ó kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, ó sì ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọwọ́ sí i. Ó sọ fún mi pé "lójoojúmọ́" ni kọ̀ǹpútà wọn máa ń gbé jáde fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá yí i padà, òun á sì rí i pé wọ́n tún un ṣe.

Síbẹ̀ mo ṣì ní ẹ̀sùn. Kí ló dé tí irú ẹrọ bẹ́ẹ̀ fi wà nílé oògùn látìgbà yìí? Kí ló dé tí apoògùn fi ń wà ní yàrá ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá ń fi oògùn tó lè pani léni lọ́wọ́? Mo pe nọ́ńbà wọn títí lẹ́yìn ìyẹn láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tún un ṣe, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ike folic acid tí wọ́n fún mi náà, ẹni tí ìka rẹ̀ wú ò lè ṣí ìdérí rẹ̀, ìwé inú rẹ̀ sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Àwọn kan á ní ìdí nìyí táwọn fi fara mọ́ oògùn ara ríro. Oògùn ara ríro ni Vioxx náà, Merck, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, sì kó o kúrò lọ́jà lọ́dún 2004 torí pé ó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Diclofenac lè dá egbò sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, kì í sì í dá làkúrègbé dúró kó má jẹ oríkèé. Prednisolone ń tètè mú ara tuni, àmọ́ bó bá pẹ́ lára, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, èèyàn ò sì gbọdọ̀ dédé dá a dúró. Èmi fara mọ́ methotrexate tí wọ́n ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣọ́. Àmọ́ obìnrin tó lóyún tàbí tó ń gbèrò àtilóyún ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, torí ó ń ba ọmọ inú jẹ́.

Máàkì mi fún oògùn àti ilé oògùn pa pọ̀: 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka ìdajì ọ̀rọ̀ mi á rò pé 1 ni màá fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ṣì ń lọ, apoògùn yẹn ni mo sì máa ń ní kí wọ́n pè fún mi.