Brick Game tí mo rà ní Dùgbẹ̀

Ṣájà fóònù ni mo wá lọ sí Dùgbẹ̀, Brick Game, ẹ̀rọ eré kékeré tí wọ́n ń dì lọ́wọ́ ta, ni mo gbé wálé. Aláwọ̀ eérú ni, wọ́n kọ "9999 in 1" sí i lára. Irọ́ ọdún 1998 náà ni wọ́n ṣì ń pa: eré inú rẹ̀ ò ju bíi mẹ́wàá lọ, bó ṣe ń yára sí ni wọ́n kàn ń yí pa dà tí wọ́n ń kà á sí tuntun.

Tetris, eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń to bíríkì tó ń já bọ́, ni baba gbogbo wọn, èyí tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow lọ́dún 1984. Àwa ò mọ ìyẹn nígbà náà o. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jà á gbà, a ó ti pa ohùn rẹ̀ kí màámi má baà gbọ́. Bí bátìrì bá kú, a ó sá a sóòrùn, a ó tún fi eyín tẹ̀ ẹ́. (Ẹ má dán an wò.)

Bátìrì kékeré méjì ni tuntun yìí ń lò. Ojú rẹ̀ kò níná, nítorí náà bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ wá tọ́ọ̀ṣì. Bọ́tìnì ńlá tó ń yí bíríkì le ju ti àtijọ́ lọ, ó dun àtàǹpàkò mi. Ṣùgbọ́n orin yẹn, kò yàtọ̀ rárá!

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, kọ́kọ́ ń fi ìka ra ojú rẹ̀ bí ẹni pé fóònù ni. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta báyìí, kò tíì dá a pa dà fún mi.