Bíìtì wo, jíjìn mélòó? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi CNC gbẹ́ lithophane

Bí Ojúde Ọba bá ti kọjá tán lọ́dọọdún, fọ́tò a máa ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íjẹ̀bú-Òde. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á mú èyí tí wọ́n yà nínú aṣọ ẹgbẹ́ wá, ọmọ ìdílé Balógun á mú ti ẹlẹ́ṣin wá, wọ́n á ní kí n bá àwọn gbẹ́ ẹ sára pátákó funfun tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá tan iná sẹ́yìn rẹ̀ ni àwòrán máa tó yọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní lithophane nìyẹn. Bí iná bá kú, òkè àti kòtò lára nǹkan funfun ni ẹ máa rí. Bó bá tàn, ojú èèyàn á yọ jáde pẹ̀lú gbogbo òjìji rẹ̀.

Láàárín ọdún kan sí èkejì, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti ra CNC tiwọn, ẹ̀rọ ìgbẹ́nà tí kọ̀ǹpútà ń darí, ti pọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti náwó sórí bíìtì (irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ nǹkan) tí kò yẹ kí wọ́n tó wá bi mí. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ èyí.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí ẹ wò

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ jìn tó?" Èmi á ní ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ èyí tí a kò gbẹ́. Iná kò mọ iye tí ẹ gé kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù ló gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó dé ojú ẹni tó ń wò ó: ibi tó fẹ́lẹ́ á mọ́lẹ̀, ibi tó nípọn á ṣókùnkùn. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1827 ni Paul de Bourgoing gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ìda fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí gíláàsì ni wọ́n ń gbẹ́, iná á máa tàn bọ̀ láti ẹ̀yìn, kí agbẹ́nà lè máa fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣẹ́ kù bó ṣe ń họ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi POP mú àwòkọ rẹ̀, kí wọ́n tó fi amọ̀ tánganran ṣe é. Ẹ̀rọ wa kò ní ojú tí yóò fi wo iná. Nọ́ńbà tí a bá fún un ló máa gbẹ́.

Ká ní mílímítà 1 jẹ́ kí ìdajì iná kọjá. Mílímítà 2 á jẹ́ kí ìdajì ìdajì yẹn kọjá, mílímítà 3 á jẹ́ kí ìdá kan nínú 8 kọjá. Tó bá fi máa dé 5 tàbí 6, ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ mọ́, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ìdá díẹ̀ nínú mílímítà níbi tó fẹ́lẹ́ lágbára ju odidi mílímítà kan lọ níbi tó nípọn.

Mo ti gbẹ́ fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta sára Corian funfun, pátákó àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń ṣe pèpéle ìdáná, mo sì ṣẹ́ mílímítà 0.8 kù níbi tó mọ́lẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí mo gbẹ́ jìn ní mílímítà 2 dà bí fọ́tò tí oòrùn ti pa, ibi tó yẹ kó dúdú di àwọ̀ eérú. Èyí tí mo gbẹ́ ní 5 dúdú dáadáa, ṣùgbọ́n fìlà dúdú àti irun orí papọ̀ di ọ̀kan, ògiri kòtò rẹ̀ sì ga débi pé àwòrán ń bàjẹ́ bí èèyàn bá ti wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mílímítà 3 ni mo dúró lé láti ìgbà náà: 0.8 ní ìsàlẹ̀, 3.8 lókè. Pátákó mílímítà 4 ti tó. Ẹni tó bá ń ra èyí tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ torí pé ó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ jìn ń fi owó àti wákàtí ṣòfò.

Ti èyí tí ẹ máa ṣẹ́ kù ńkọ́? 0.5 mọ́lẹ̀ bí ojúmọ́, ṣùgbọ́n Corian tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lè là nígbà tí ẹ bá ń ṣí i kúrò lórí tábìlì. 1.2 lágbára, ó sì nílò iná tó le. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 1.0 ni kó fi ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí 0.8.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ mí lọ́kàn gan-an. Ojú àwa aláwọ̀ dúdú sábà máa ń bọ́ sí apá tó nípọn, níbi tí ìyàtọ̀ iná ti kéré. Kí ẹ tó gbé fọ́tò lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ojú ènìyàn inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ kò bá ṣe é, gèlè á dán, ẹni tó wé e á ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ni wọ́n torí rẹ̀ sanwó.

Bíìtì mẹ́ta, fọ́tò kan

Bíìtì ẹlẹ́nu róbótó ni gbogbo iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Èyí tó rí ṣóńṣó bí orí V, fún lẹ́tà ni, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wò ó bí ẹni ń kọ ebè: bíìtì á lọ, á bọ̀, á sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á tún lọ. Poro ló máa wà láàárín ebè kan sí èkejì. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa sún ní ìdá kan nínú 10 fífẹ̀ imú rẹ̀, poro náà á kéré débi pé iná kò ní fi í hàn. Èyí ni ohun tó jáde fún àwòrán tí apá kan rẹ̀ jẹ́ mílímítà 150, tí apá kejì jẹ́ 200, bí ẹ̀rọ bá ń rin mílímítà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, láìka àkókò yíyí padà:

| Bíìtì | Sísún sí ẹ̀gbẹ́ | Ìrìn rẹ̀ lápapọ̀ | Àkókò |
|---|---|---|---|
| Róbótó gbọọrọ, imú 3 mm | 0.3 mm | mítà 100 | wákàtí 1 ìṣẹ́jú 7 |
| Onímú ṣóńṣó róbótó, 1 mm | 0.1 mm | mítà 300 | wákàtí 3 ìṣẹ́jú 20 |
| Onímú ṣóńṣó róbótó, 0.5 mm | 0.05 mm | mítà 600 | wákàtí 6 ìṣẹ́jú 40 |

Méjì tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn tó ń tà á ń pè ní tapered ball nose. Ìdí rẹ̀ tóbi, imú rẹ̀ kéré, ìyẹn ni kò fi tètè kán.

Bíìtì mílímítà 3 ni mo fi gbẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà, torí òun ló wà nílé. Fọ́tò bàbá àti ìyá kan ní Ṣágámù ni, àwọn ọmọ wọn fẹ́ fi yẹ́ wọn sí fún àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó. Nígbà tí mo tan iná sí i, gèlè hàn, èjí ìyá hàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ti kú. Ìmọ́lẹ̀ kín-ń-kín tó máa ń tàn nínú ẹyinjú kò sí níbẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n jọ ẹni tó sùn." Mo tún un gbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú imú 1, ojú wọn sì là.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Ohun dúdú tín-ín-rín kì í tètè sọnù, nítorí òkè ni, bíìtì kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá ni. Ohun funfun kékeré ló ń sọnù: kòtò tóóró ni, imú ńlá kò sì lè wọ inú kòtò tóóró. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, òwú tó ń dán lára aṣọ òkè, irin ìjánu ẹṣin, ẹyinjú, inú kòtò ni gbogbo wọn wà. Kí ẹ tó ra bíìtì, ẹ fi rúlà wọn ohun funfun tó kéré jù tí ẹ fẹ́ kó hàn ní ìwọ̀n tí ẹ máa gbẹ́ ẹ. Imú bíìtì gbọ́dọ̀ kéré jù ú lọ.

Ẹnì kan tàbí ẹni méjì nínú fọ́tò, imú 1 ti tó, kò sí ìdí láti náwó jù bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ẹgbẹ́ ni nǹkan ti ń yí padà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá tò sínú mílímítà 200, ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi 15 lọ láti etí dé etí, ẹyinjú á tó 3, dúdú inú rẹ̀ á ju 1 lọ díẹ̀. Ibẹ̀ ni imú 0.5 ti ń jẹ owó rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe kì í bọ inú pátákó tí wọn kò tíì fi bíìtì ńlá kọ́kọ́ họ. Ẹ fi bíìtì pẹlẹbẹ mílímítà 3 tàbí 6 kó èyí tó pọ̀ kúrò, kí ó ku nǹkan bíi mílímítà 0.5 fún un.

Wákàtí iná yín

Ẹ tún wo ìlà tó kẹ́yìn nínú tábìlì yẹn. Bí wọ́n bá mú iná ọba lọ ní wákàtí karùn-ún, mọ́tò ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tó wà, ìlà á sì hàn lójú àwòrán níbi tí ẹ ti tún un bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe fọ́tò nìkan ló ń yan bíìtì. Ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tó lè ṣiṣẹ́ wákàtí méje láìsinmi, kó má ra imú 0.5. Kó ra imú 1, kó sì gbẹ́ fọ́tò ẹgbẹ́ náà tóbi sí i, tàbí kó gé e sí apá méjì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó

Bíìtì ìtẹ́jú, èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 25, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ fi họ tábìlì ẹ̀rọ yín kó lè tẹ́jú. Púpọ̀ kì í kà á sí. Bí tábìlì ẹ̀rọ yín bá fi mílímítà 0.3 ga lápá kan, ibi tí ẹ fẹ́ kó ku 0.8 á ku 0.5 lápá kan, á ku 0.8 lápá kejì, ìdajì àwòrán á mọ́lẹ̀ ju ìdajì lọ. Bíìtì olówó ńlá kankan kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ béèrè bí ìdí bíìtì, ibi tí ẹ̀rọ máa dì mú, ṣe tóbi tó. Mílímítà 6 àti 6.35 jọra lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, kọ́lẹ́ẹ̀tì (òrùka tó ń di bíìtì mú) tí kò bá a mu á jẹ́ kó yọ̀ láàárín iṣẹ́. Ẹ mú èyí tí wọ́n fi kábáìdì ṣe, tó le ju irin lásán lọ. Bí kúkúrú bá wà, òun ni kí ẹ gbà, torí pé mílímítà 3 péré ni ẹ fẹ́ gbẹ́, èyí tó gùn á máa gbọ̀n.

Ní ti pátákó, Corian funfun ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó ń ṣe pèpéle ìdáná l'Ékòó máa ń gé ibi tí síìnkì máa wọ̀ kúrò, àwọn àjákù yẹn sì dára púpọ̀. Mílímítà 12 ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ẹ máa fi bíìtì ìtẹ́jú họ wọ́n dé 4. Ẹ fi ìbòmú bo imú yín dáadáa, eruku rẹ̀ lẹ́búlẹ́bú. Pásípẹ́ẹ̀sì funfun, ìyẹn ike líle, rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ mọ́ bíìtì bí bíìtì bá ń yí kíákíá tí ẹ̀rọ sì ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ti tà á fún mi rí gẹ́gẹ́ bíi Corian. Ẹ fi ọ̀bẹ họ etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: Corian á yọ ìyẹ̀fun, pásípẹ́ẹ̀sì á ká bí èèpo. Kí ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì dání lọ, kí ẹ tàn án sẹ́yìn àjákù náà níbẹ̀, torí funfun kan wà tí iná kì í là kọjá.