Ẹ̀rọ Ìwọn-Ìfúnpá tí A Rà fún Màámi

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún Màámi ní Ìbàdàn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn tí a máa ń kà sí ti olówó nígbà kan, ti wọ gbogbo agboolé báyìí, láti orí ìyálọ́jà tí ó ń jókòó ti igbá láti òwúrọ̀ dalẹ́ títí dé orí awakọ̀ tí búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò di oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni a ń tẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì tóbi débi pé Màámi ń kà á láìlo awò ojú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé 168 lórí 97 jáde, bẹ́ẹ̀ 140 lórí 90 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn wa ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Orí kò sì fọ́ ọ, òòyì kò kọ́ ọ!

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ọ̀já tí a ń dè mọ́ apá, tí ó fún Màámi jù. Bí ọ̀já bá sì ti kéré, nọ́ńbà máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí ó tà á kò sọ èyí fún wa, nọ́ọ̀sì ni ó là wá lóye. Nígbà tí a ra ọ̀já ńlá, ní owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti ẹ̀rọ, nọ́ńbà òkè wálẹ̀ sí 152, èyí tí ó ṣì ga. Kí ẹni tí yóò rà á kọ́kọ́ wọn apá rẹ̀ kí ó tó sanwó. Màámi ti ń lo oògùn báyìí, ṣùgbọ́n magí inú ọbẹ̀ rẹ̀ kò tíì dín.